Ìyá Mi, Olè Ẹgbẹ́ Wa

Ẹni tó bá mọ ìyá mi ní ìlú Òsì kò ní gbà pé irú rẹ̀ lè jalè, ì báà jẹ́ nínú eré. Òun ló darí Ẹgbẹ́ Ìyá ìjọ wa fún ọdún gbọọrọ. Bí ó bá wo ọmọdé tó ń jẹ bisikíìtì nígbà ìwàásù, ọmọ náà á gbé e mì láìrún un. Nítorí náà, ní Sátidé tó kọ́kọ́ jókòó sáàárín wa nínú fẹ́sìrì, yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ, tí mo bi í pé irú ènìyàn wo ló fẹ́ jẹ́ nínú eré wa, tó sì dáhùn pé, "Olè," mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Èmi ni mo kó eré náà wá láti Ìlọrin, níbi tí mo ti kàwé kí n tó padà wá máa kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á mú ènìyàn kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, wọ́n á sì máa sọ ohun tí ẹni wọn ṣe. Bí ohun náà bá le, a ó ju dáìsì lúdò méjì. Bí ó bá pọ̀, ó bọ́ sí i. Bí ó bá kéré, ẹ ti wọ gàù. Èmi ni mo ń sọ ìtàn, ọ̀sán Sátidé lẹ́yìn ìdánrawò kúáyà la sì máa ń ṣe é.

Mẹ́ta ni àwọn tí a jọ ń ṣeré. Lérídà ìjọ wa, ọkùnrin tó máa ń wàásù bí àlùfáà bá rìnrìn àjò, ló ń ṣe wòlíì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ararọ̀mí ń fi ewé àti àdúrà wo aláìsàn nínú eré. Ọlọ́kadà kan tó máa ń kọ ohùn báàsì nínú kúáyà ni jagunjagun, idà rẹ̀ sì ti gba ìbùkún. Agogo mímọ́ ni wọ́n ń gbé la igbó kọjá, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan lórí òkè. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kan ṣoṣo ni pé wọ́n mọ́ jù. Bí wọ́n bá kan ìlẹ̀kùn títì, wọ́n á gbàdúrà. Bí kò bá ṣí, wọ́n á kọrin. Wọ́n fi odindi ọ̀sán kan kọrin sí ẹyọ ìlẹ̀kùn kan, orí sì fọ́ mi délé.

Èmi ni mo fa ìyá mi wá, tipátipá. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kì í jáde mọ́ àfi ọjọ́ Ìsinmi. Á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á kọjú sí ọ̀nà oko bí ẹni tó ń retí ẹnìkan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìlọrin. Ìyá mi kò sọ pé òun á lọ, kò sì sọ pé òun kò ní lọ. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù, torí ìyá tí mo mọ̀ kì í pẹ́ kó tó kọ nǹkan.

"Màmá," ni Lérídà wí, "ẹ ò ṣe mú ìyá àdúrà?"

"Mo ti ń ṣe ìyẹn láti ọjọ́ yìí. Kò sí ohun tuntun ńbẹ̀."

"Ṣùgbọ́n olè kò lè bá wòlíì rìn, Màmá."

Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ wé, ó fi èdè Òsì, tó ń pe iṣu ní uṣu, dá a lóhùn. "Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá uṣu wà. Ẹni tó ń ṣọ́ uṣu, ibi tí olè ń wò lòun náà ń wò. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ulẹ̀kùn tí ẹ kọrin sí lọ́jọ́sí, ṣé ó ti ṣí?"

Kò tíì ṣí. Ìyá mi ju dáìsì, ó ṣí i. Ó tún ṣí òmíràn. Inú ọlọ́kadà ń dùn, ó ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé etí odò, Lérídà fi àáké kọ́rí pé wòlíì òun kò ní bá olè wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà, àfi bí olè náà bá ronú pìwà dà.

"Bí mo bá ronú pìwà dà," ni ìyá mi bi í, "ta ni yóò ṣí ulẹ̀kùn?"

Lérídà dìde. Ó ní bí olè bá dúró, òun ń lọ, kọ́kọ́rọ́ fẹ́sìrì sì ń bá òun lọ. Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀, ọlọ́kadà ń wo àjà. Inú bí mi gan-an, àmọ́ ta ni mo fẹ́ bínú sí nínú ilé Ọlọ́run? Eré tú ká, ìyá mi bá mi lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti padà sẹ́bàá fèrèsé.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ Lérídà. Àdéhùn tí a jọ ṣe ni pé olè yóò bá wọn dé ibùdó kan péré, kí wọ́n tó kí i pé ó dàbọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pàgọ́ sínú igbó ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Mo ti pète pé àwọn ìgárá yóò wá jí agogo náà gbé níbẹ̀. Ìtàn oṣù mélòó kan ni mo ti kọ́ lé e lórí. Wòlíì gbàdúrà sí agogo. Jagunjagun na idà rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi olè léèrè ohun tí òun ṣe.

"Mo ya àkísà kan," ni ìyá mi wí. "Mo fi so ìkarahun ìgbín àti ṣùkù àgbàdo pọ̀. Mo gbé e kọ́ ara agogo. Mo sùn."

Àálè ni ó so yẹn, àmì tí olóhun máa ń fi sára ẹrù tí kò dúró tì, kí ọwọ́ ẹlòmíràn má baà kàn án. Mo gbé dáìsì kí n jù ú fún àwọn ìgárá mi, àmọ́ n kò lè jù ú. Mo ti kàwé, mo ń jẹ Ara Olúwa, agogo ọ̀hún kò sì sí níbì kankan láyé. Síbẹ̀ n kò rí olè kan nínú ọkàn mi tó lè na ọwọ́ sí i.

"Kí làwọn olè náà wá ṣe?" ni ọlọ́kadà béèrè.

"Wọ́n wò ó," ni mo wí, "wọ́n sì yà lọ."

Báyìí ni gbogbo ète mi ṣe wọmi. Lérídà kò dákẹ́. Ó ní ohun ìbọ̀rìṣà ni, onígbàgbọ́ kì í gbẹ́kẹ̀ lé àálè.

Ìyá mi fi ojú Ẹgbẹ́ Ìyá wò ó. "Lérídà, ugi ìdáná tí o tò sẹ́bàá ọ̀nà Òkè-Ọ̀pin, kí ló wà lórí rẹ̀?"

Ọlọ́kadà ló dá a lóhùn. "Sílípáàsì aláwọ̀ ewé kan ni, Màmá, àti ìkarahun. Bí mo bá gbé èrò débẹ̀, mo máa ń yà fún un ni."

"Ìyàwó mi ló so ó," ni Lérídà wí.

"Ìyàwó rẹ ṣeun," ni ìyá mi wí.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lérídà gbìyànjú láti fajú ro, kò lè ṣe é, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, irú èyí tó máa ń rín kí bàbá mi tó kú, tí ó fi ń gbá itan. Inú mi dùn débi pé mo ń wá ohun tí mo máa fi nu ojú. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ ó dàbọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, ìyá mi sì lọ sí Ìlọrin lọ wẹ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù pé òun kò ní jẹ́ kó padà mọ́. Mo bi ìyá mi bóyá òótọ́ ni. Ó ní ọmọ náà ń sunkún, a ó sọ̀rọ̀ tó bá yá.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo dé fẹ́sìrì, mo rí àkísà kan lára àga ìyá mi. Ìkarahun ìgbín wà lára rẹ̀, àti sílípáàsì aláwọ̀ ewé kan. Ọlọ́kadà wo sílípáàsì náà, ó wo Lérídà. Lérídà ń wá orin kan nínú ìwé orin.

Àga náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. A tún ń kọrin sí ìlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, àlùfáà wa fúnra rẹ̀ wọlé wá wo eré. Ó fẹ́ jókòó, ó rí ohun tó wà lára àga, ó rọra fa bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri.

Àárín orin tí a ń kọ sí ìlẹ̀kùn kan la wà nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan ń dúnàádúrà pẹ̀lú onítakisí níta. Ìyá mi wọlé, tòun ti báàgì. Ó kí wa. Ó dúró ti àga rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìkarahun náà, kò béèrè ẹni tó so ó. Ó tú u díẹ̀díẹ̀, ó ká a sínú báàgì, ó jókòó.

"Níbo lẹ bá a dé?" ló wí.