Ìrìn Àjò Wa sí Àwọn Ìlú Oníwúrà Lẹ́sẹ̀ Òkè Atakora

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Banikanni, nílùú Parakou níbí, alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá mi. Ará Ṣábẹ̀ ni wá. Yàrá iwájú ilé wa ló ti ń ṣiṣẹ́, èmi a sì jókòó tì í nígbà tó bá ń fi ẹwìrì kékeré fẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà tí mò ń sọ yìí ni ìgbà ìjọba àwọn sójà, tí tolówó tòtòṣì gbogbo wa ń jẹ́ kamaráàdì, pé ọgbọọgba ni wá. Láàárọ̀ nílé ìwé, a ó na ìkúùkù sókè, a ó kọrin ìjà, lẹ́yìn náà a ó gbé ọkọ́ lọ sí oko ilé ìwé. Rédíò ń bú àwọn olówó láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ní yẹtí wúrà bọ́ ọ kúrò létí, ó rì í mọ́lẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n nàka sí òun pé ẹ wo ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ aráàlú. Bí iná ààrò bàbá mi ṣe kú nìyẹn.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní àdúgbò Ladjifarani. Ìmàle ni, òun ló máa ń bá a ra wúrà wá láti àwọn ìlú kéékèèké tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Atakora, níhà Natitingou. Nígbà tí ọjà dákẹ́, àwọn méjèèjì ní àwọn yóò lọ wa wúrà náà fúnra àwọn, kí àwọn lè tà á ní bòókẹ́lẹ́. Gbogbo èèyàn ló sì ń sọ ọ́ nígbà yẹn pé òfin ti dè é, pé ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ kòtò, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ìyá mi bẹ bàbá mi títí. Wọ́n lọ. Wọ́n ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àwọn á ti dé. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ títí àgbàdo fi gbó, a ò gbúròó wọn.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ọ̀rẹ́ bàbá mi wá bá ìyá mi. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè jókòó mọ́. Mò ń lọ wá a."

Ìyá mi ní, "Èmi náà ti di ẹrù mi."

Àwọn ọmọ tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹbí wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọn yóò fi èmi sílẹ̀ fún, ni wọ́n bá mú mi dání.

Orí àpò iyọ̀ la jókòó sí nínú kàmíyọ́ọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù. Níbi tí wọ́n bá ti na okùn dí ọ̀nà, àwọn sójà á ní ká sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bi wá níbi tá à ń lọ. Ìyá mi á ní ẹbí wa kan ló bímọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìlú àkọ́kọ́ tá a dé, àwọn òyìnbó ti wa wúrà níbẹ̀ láyé ìgbà tiwọn. Ilé wọn ṣì wà, kò ní òrùlé mọ́, igi ti hù gba àárín ẹ̀rọ onírin kan jáde. Àwọn ará ibẹ̀ ní, "A ò mọ nǹkan kan nípa wúrà. Ọkà bàbà là ń gbìn." Bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun òkúta funfun tí wọ́n ń gún láti yọ wúrà wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọn títí dé ìgúnpá. Ìlú kejì kò yàtọ̀. Àwọn tó ń fi igbá jọ yanrìn létí odò sá nígbà tí wọ́n rí wa. Bàbá arúgbó kan tó gbọ́ Dendi, èdè tí wọ́n ń ná ọjà ní Parakou, ló ṣàánú wa. Ó sọ fún ìyá mi pé ará Parakou kan wà lókè odò náà, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ni. Ó ti gbẹ bí igi. Inú ẹrẹ̀ ló dúró sí, ó ń walẹ̀. Ó rí ìyá mi, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ tàn díẹ̀. Nígbà tó rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ọkọ mi dà?"

Bàbá mi lóṣòó, ó nàka sílẹ̀. "Òjò ló wó kòtò lé e lórí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wa ilẹ̀ yìí. Bí mo bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi á tún wó o. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sílé láìgbé e dání?"

Ìyá mi bú sẹ́kún. Ìyàwó olóògbé kò sunkún. Ó ní, "Wọn ò wẹ̀ ẹ́." Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Apá ibo lorí rẹ̀ wà?"

Bàbá mi fi hàn án lójú ẹsẹ̀. Obìnrin náà tọrọ igbá lọ́wọ́ àwọn obìnrin odò, ó pọnmi wá, ó sì ń da omi náà sórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ibi orí lọ dé ibi ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀ náà bí ẹni ń fọ ara èèyàn. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀, ó kírun. Bàbá mi tó jẹ́ onígbàgbọ́ ṣí fìlà, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi parí. Mo ti lọ́mọ kí ìyá mi tó sọ fún mi pé bàbá mi kò mọ ibi tí orí náà wà rárá.

"Ẹ fi ọkọ́ yẹn sílẹ̀," ni obìnrin náà sọ fún bàbá mi. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Inú ọkọ̀ nígbà tá à ń bọ̀ ló ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bí òun bá ní ọkọ òun kú, wọ́n á béèrè ibi tó kú sí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé kòtò wúrà ni, wọ́n á mú bàbá mi. "Mo máa ní ó ti kọjá sí Nàìjíríà." Ìyá mi ní kò ṣeé ṣe. Obìnrin náà ní yóò ṣeé ṣe.

Ó sì ṣeé ṣe. Ọdọọdún, bí Iléyá bá dé, wọ́n á béèrè ọkọ rẹ̀, á ní, "Ó máa dé." Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣẹ̀sín pé ọkùnrin náà ti fẹ́ ẹlòmíì lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá ń bú bàbá wọn, ó ń gbọ́, ó ń gbé e mì. Bàbá mi kò yọ́ wúrà mọ́. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe títí ó fi darúgbó.

Nígbà tí ìjọba yẹn wá kógbá sílé, tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀, obìnrin yìí pe ẹbí jọ ní Ladjifarani. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé opó ni òun. Bàbá mi jókòó níwájú gbogbo wọn, ó ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àkọ́bí olóògbé, tó ti hu irùngbọ̀n, wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámá, láti kékeré ni mo ti ń ṣépè fún bàbá mi." Ìyá náà gbé orí ọmọ lé itan, ó sì sunkún ọkọ rẹ̀ nígbà náà.

Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ mi ń gba ọ̀nà ọ̀dà lọ wo àwọn ìlú wọ̀nyẹn. Wọ́n á ya fọ́tò òkè, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi kí n tó jẹun ọ̀sán tán. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń sọ, wọn kì í wẹ̀yìn kí wọ́n tó sọ ọ́. Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn yín bá kú lónìí, ẹ lè sunkún rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.