Ọwọ́ Kékeré Lókè, Ọwọ́ Ńlá Nísàlẹ̀

Ariwo mọ́tò ìṣeré ọlọ́bátìrì kan ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá ti rántí ọdún yẹn. Inú báàgì tó wà lórí itan mi ló wà, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ute. Bí ọkọ̀ bá ti kó sí kòtò, á tan ara rẹ̀, á máa han wíì-wíì-wíì bíi ti ọlọ́pàá. Ìyá kan tó ń lọ sí Arimogija bi mí bóyá ọlọ́pàá ni mo dì sínú báàgì. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló wà ní Ute, Àǹtí ló sì ń pè mí.

Ẹ má bínú sí i. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo gbé e fún ìyá ọkọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni, mo tún ń kàwé ní ìparí ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ti gbé ọkọ mi lọ sí òkè Ọya, àwọn èèyàn tèmi sì wà ní Àkókó. Mo ní ọdún kan péré ni. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta ó lé. Nígbà tí mo wá parí ìwé, tí mo rí ilé-ìwé fún un nítòsí ọ́fíìsì wa, mo gbéra, ó di Ute, bí ẹni tó fẹ́ lọ gba bàtà lọ́wọ́ ṣọbàtà. Ọmọ sá sẹ́yìn ìyá àgbà, ó di ìró rẹ̀ mú, ó fi igbe bọnu. Ìyá ọkọ mi kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́ fún mi:

“Ìyàwó, mi ò ní so ọmọ bí ewúrẹ́ fún ọ. Ọjọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ lé ọ, máa mú un lọ.”

Ó ku ọ̀sẹ̀ méje kí ilé-ìwé wọlé.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá ohun ìṣeré kiri nìyẹn. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ohun ìṣeré tó dáa kan ń bẹ níbì kan tó máa bá mi fa ọmọ náà wá sílé, àfi kí n ṣáà rí i. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ní ká lọ jẹun ọ̀sán ní ọ́fíìsì, ọjà ni mo ń forí lé. Mo wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà láàárín ìgboro, mo lọ sí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra bèbí onírun pupa tó ń ṣẹ́jú. Ọmọ rí i, ó ké. Mo ra fóònù ọmọdé tó ń kọrin òyìnbó. Àwọn adìẹ ló kọ́kọ́ sá fún un. Mo ra ike aláràbarà tí wọ́n ní ọmọ lè fi kọ́ ilé; ọ̀kan ò wọ inú ìkejì, àfi téèyàn bá fi òkúta gbá a. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá gbogbo wọn lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá ìyá ọkọ mi, wọ́n wà nínú ọ̀rá wọn, ó tò wọ́n bí àwo àlejò. Inú bí mi. Mo ní ó ń bá mi du ọmọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní nǹkan olówó ni, òun ò fẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ Ute bà á jẹ́ kó tó dé Ọ̀wọ̀. Ó ń bá mi tọ́jú ẹrù ọmọ tí kò fẹ́ bá mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo lọ bá Alfa kan tó ń ṣe káfíńtà láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀ pé kó kan bẹ́ẹ̀dì kékeré fún mi. Ẹ ò rí ìwà wèrè? Ọmọ ò tíì jẹ́ kí n gbé òun, èmi ti ń kan bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe gbé báàgì lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, mọ́tò ọlọ́bátìrì tí ọmọ ti kọ̀, tí mo gbé padà láti Ute, bẹ̀rẹ̀ sí í han. Alfa yọ ọ́ jáde, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó pa á. Àgbàlagbà ni, ìyẹ̀fun pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀.

“Èyí ti ń ṣeré fúnra rẹ̀,” ó ní. “Kí ló kù tí ọmọ máa ṣe?”

Mo ní kó bá mi ṣe èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Ó bi mí pé kí ni ọmọ náà máa ń fi ọwọ́ ṣe tí ẹnikẹ́ni ò bá pè é. Mo mọ nọ́ńbà bàtà rẹ̀, mo mọ ọjọ́ gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ojú tì mí, mo ń wo àwọn ìṣó tó wà nílẹ̀. Alfa ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n lọ wò ó dáadáa, kí n sì wọn ọwọ́ rẹ̀ wá, nítorí òun kì í kan ilẹ̀kùn láìwọn ẹnu ọ̀nà.

Ẹ wá bi mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo dé Ute láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta: mo gbálẹ̀, mo ká aṣọ, mo yẹ fóònù wò. Ìyá ọkọ mi gbé igbá ẹ̀gúsí síwájú mi pé kí n máa bó o, kí ìdí mi lè balẹ̀. Ibi tí mo ti ń bó ẹ̀gúsí ni mo ti rí ọmọ mi. Agolo mílíìkì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún fún kóró àgbálùmọ̀ gbígbẹ. Á gun orí pèpéle, á da kóró lé pákó àtijọ́ kan tó fara ti ògiri, kóró á yọ̀ lọ sísàlẹ̀, á fọ́n káàkiri. Á sọ̀kalẹ̀, á ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún gùn ún. Ó ṣe é títí oòrùn fi kàn wá lórí. Ìyá àgbà ní láti ìgbà àgbálùmọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Òun ì bá máa bá a gbà á nísàlẹ̀, ẹ̀yìn òun ni kò jẹ́ kí òun lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Òwú ni mo mú dání tí mo fẹ́ fi wọn ọwọ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Mo fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́, ó gba bisikíìtì, ó tún fi ọwọ́ pamọ́. Ó sú mi. Mo na ọwọ́ ara mi sórí itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ká má parọ́, kì í ṣe ọgbọ́n, ìbínú ni. Òwú ń yọ̀ dànù, nítorí ọwọ́ kan ò lè wọn ara rẹ̀. Ọmọ dúró, ó wò mí títí. Ó wá gbé agolo rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka kékeré kan tẹ òwú náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi kó má baà yọ̀ mọ́. Mo ta kókó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na tirẹ̀.

“Tèmi ńkọ́, Àǹtí?”

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbóná, bisikíìtì sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn tí mo di ọwọ́ ọmọ tí mo bí mú tí kò já a gbà. Mo ta kókó kejì, mi ò sì yára ta á.

Mo mú òwú náà lọ fún Alfa, mo sì ròyìn kóró àti pákó fún un. Ó ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Pákó arére fífẹ̀ kan ló gé, tó ga tó èjìká mi, ó kan àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí kóró lè máa yí láti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì, kó máa dún kọ́kọ́kọ́ títí dé ilẹ̀. Ó ṣe àtẹ̀gùn kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò tó wà lókè gba ọwọ́ ọmọ náà wẹ́kú. Ó ti fi sáńpépà ha á títí kò fi sí ẹ̀gún kan tó lè gún ọmọ. Ó wù mí, ṣùgbọ́n mo wo ìsàlẹ̀, mo ní, Alfa, ẹ ti gbàgbé o, ẹ ò kan àwo tó máa gba kóró. Ó mú òwú mi wá, ó fi kókó méjèèjì hàn mí.

“Ọwọ́ méjì lẹ wọ̀n wá fún mi. Ọwọ́ kékeré wà lókè. Ọwọ́ ńlá ni àwo.”

Ta ni kò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè? Àti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn. Síbẹ̀ mo jiyàn, mo ní iṣẹ́ ò tíì parí. Alfa padà sídìí ilẹ̀kùn tó ń fá.

Orí ọkọ̀ ni a so ó mọ́ lọ sí Ute. Kọ́bọ́ọ̀dù ò gbà á, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A gbé e ti ògiri, ọmọ gun àtẹ̀gùn, ó ki ọwọ́ bọ ihò, ó tú kóró sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fọ́n sílẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí bí ọ̀gá tó ń wo ọmọọṣẹ́ tó pẹ́ dé. Mo lóṣòó, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí a ṣe wà nìyẹn ní ọjọ́ Sátidé, bẹ́ẹ̀ náà la wà ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Orúnkún ń dùn mí, mi ò sì yẹ fóònù wò.

Nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mo gbé báàgì mi. Mi ò ní kó tẹ̀ lé mi, nítorí ẹ̀bẹ̀ ti sú mi. Orí àtẹ̀gùn ló wà, kóró kún ọwọ́ rẹ̀.

“Àǹtí, ta ló máa gbà á nísàlẹ̀?”

Mo ní ìyá àgbà ni. Ọmọ wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà wá mi orí, ó ní, “Ẹ̀yìn mi ò gbà, ọmọ mi.” Ó wọlé, ó gbé ẹrù ọmọ jáde, ó ti di í sílẹ̀. Ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá agolo rẹ̀ mọ́ra, ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí ọkọ̀. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn débi pé mo fẹ́ sáré. Wọ́n so pákó náà tán, ọkọ̀ ṣí, mo bojú wẹ̀yìn kí n juwọ́ sí ìyá ọkọ mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn tó ní kò gbà yẹn ló tẹ̀ kọdọrọ, ó ń ṣa kóró tó ṣẹ́ kù nílẹ̀. Ayọ̀ mi bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sáré kiri, mi ò ronú lẹ́ẹ̀kan rí pé ẹnì kan máa pàdánù ọmọ yìí kí n tó lè rí i gbà.

Ìyá ọkọ mi ti rebi àgbà ń rè. Ọmọ ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìgbà tó wọ kíláàsì kejì ló kọ́kọ́ pè mí ní Màámi lọ́jọ́ kan tí mò ń fọ abọ́; mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí n má baà da nǹkan rú. Ara mi ò tíì balẹ̀ títí di òní. Mo ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó ní kí n wá nǹkan ṣe.

Pákó Alfa ṣì wà ní pálọ̀ mi. Ní Sátidé tó kọjá mo da ẹ̀kúnwọ́ kóró sí i lókè, mo sáré na ọwọ́ sísàlẹ̀, kọ́kọ́kọ́, wọ́n ti délẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n fọ́n sábẹ́ àga. Mo lè gbé àwo sí i. Mi ò gbé e. Ẹ̀yìn mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà mọ́, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.