Epo Wo?

Mi ò fẹ́ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Ẹ̀rù ló sọ mí di ẹni tó ń wá ọkọ̀ rà. Tíṣà ni mí ní Ìrèlé nígbà náà, kẹ̀kẹ́ mi sì tó mi í gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí àkọ́bí wa, kò sí ọkọ̀ kankan nílùú, nítorí ọjọ́ ọjà nìkan ni lọ́rì máa ń wá. Kẹ̀kẹ́ la fi tì í dé Ọ̀yẹ́. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti kú sí i nínú, kí a tó rí ọkọ̀ tó gbé wa dé ilé ìwòsàn n'Ìdó. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀ wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, bó bá tún lóyún, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lọ́nà mọ́. Bó bá tún rí báyìí, mi ò mọ̀ bóyá ó tún lè bímọ láyé ẹ̀."

Ọdún mẹ́ta kọjá kó tó tún lóyún. A ṣètò pé kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Ìdó bó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní ọmọ kì í dúró de ètò. Àfi kí n ní ọkọ̀ tèmi, èyí tí kò ní já mi kulẹ̀.

Tuntun kọjá agbára tíṣà. Àlòkù ni mo ń wá, kó sì jẹ́ èyí tí aboyún lè nà gbalaja sí lẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ rí ọ̀kan ní Ìkọ̀lé. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà, ó ń dán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fìka tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ìka mi wọlé lọ. Èkejì wà ní Ọ̀tùn. Ẹni tó ni ín ní kí n wà á lórí ilẹ̀ títẹ́jú, mo ní òkè ni mo fẹ́ fi gùn, ló bá ní òun ò lọ́kọ̀ í tà fún alárìíwísí. Mo bú u, ó bú mi, oníkálùkù bá tirẹ̀ lọ.

Ìdó ni mo ti rí ẹ̀kẹta, lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tó máa ń yẹ kòkó àwọn àgbẹ̀ wò fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ náà dúdú, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó gun òkè Ìfàkì láìmí hẹlẹ. Àwọn aago tí ń tọ́ka ohun tó kù nínú ọkọ̀ níwájú ẹni tó ń wà á ti kú, bàbá kò sì fi pa mọ́.

"Ọmọ mi, ulé mi ni ọkọ̀ yìí ti wà láti ọjọ́ tí mo ti rà á," ni bàbá wí. "Mi ò ní í tàn ọ́. Àléébù kan ló ní: ó í mu epo. Láràárọ̀, kí o tó gbé e kúrò n'ulé, yẹ epo ẹ̀ wò. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá."

Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ọkọ̀ wo ni kì í mu epo? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Èmi tí mo ń na ọmọ iléèwé tó bá gbàgbé àmì orí ọkọ́ àti ọkọ̀, ṣé èmi ni màá wá máa da ọ̀rọ̀ padà bi àgbàlagbà bí ẹni tí kò gbédè?

Mo rà á, mo gbé e relé. Mo gé ọ̀pá oparun kan, mo fọ̀bẹ sàmì sí i lára. Láràárọ̀, mo máa ń kì í bọ inú táǹkì bẹntiróòlù. Bó bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, mo máa bu kún un láti inú gálọ́ọ̀nù tí mo tọ́jú sí kọ̀rọ̀ yàrá. Mo máa ń rọ omi sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú, màá sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ìyàwó mi á yọjú lójú fèrèsé pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ti kí ìyàwó yín kejì?" Inú mi á dùn. Mo rò pé mo ń ṣọ́ ẹ̀mí ọmọ mi ni.

Ọmọ náà ò dúró de ètò lóòótọ́. Láàárọ̀ Sunday kan, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a gbé ìyàwó mi lọ s'Ìdó, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Ó ti ń bọ̀." Mo sáré ki ọ̀pá bọ táǹkì. Epo kún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá mi, tó ti wá dúró tì wá, jókòó sẹ́yìn, ó gbé orí ìyàwó mi lé itan, a gbéra.

Nígbà tí a kúrò ní Ọ̀yẹ́, mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn: "Tíṣà, a ti kọjá Ọ̀yẹ́." Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Omi bọ́ lójú mi.

Àárín òkè Ìfàkì ni ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń lu irin nínú rẹ̀. Òórùn jíjóná gba inú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ki ọ̀pá bọ táǹkì. Epo wà! Mo fi irin yí ẹ́ńjìnnì níwájú, kò mì. Mo ta ọkọ̀ náà nípàá, mo pariwo mọ́ ọn bí wèrè. Ìyá mi ń ké pe Olúwa. Ìyàwó mi ò ké. Ó kàn bi mí wẹ́lẹ́ pé, "Ṣé bíi ti ìjọ́sí ni?"

Mo sáré bọ́ sójú títì, mo ń juwọ́ wá ọkọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Òjìji igi tó bò wá kúrò lórí wa, oòrùn mú, kẹ̀kẹ́ méjì nìkan ló kọjá.

Lọ́rì kan tó kó agolo epo pupa ló wá dúró. Bí àwọn èrò rẹ̀ ṣe ń gbé ìyàwó mi sáàárín agolo, dẹ́rẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, ó fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọwọ́ mi ò kàn rí yọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ó gbẹ táútáú.

"Ìgbà wo lẹ ti yẹ epo ẹ̀ wò?"

"Láàárọ̀ yìí! Ojoojúmọ́ ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò!"

Ó wo ọ̀pá oparun tó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó gbóòórùn ẹnu ọ̀pá náà.

"Epo wo?" ló ní.

Bẹntiróòlù, epo tí ń bẹ nínú ẹ́ńjìnnì, epo pupa tó yí ìyàwó mi ká nínú lọ́rì yẹn: epo ni gbogbo wọn, kò sì sí àmì ohùn tó yà wọ́n. Epo ẹ́ńjìnnì ni bàbá ń wí, òótọ́ ló sì sọ fún mi. Èmi ni mi ò béèrè.

Ìyàwó mi yè. Ọmọ náà ò ké. Obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló jáde wá bá mi, ó sì ní a ò gbọdọ̀ dán an wò mọ́.

Bàbá tó ta ọkọ̀ fún mi wá kí wa, ó sunkún. Ó ní, "Mo rò pé o mọ̀." Mo ní èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ò sọ ọ́ sí mi rárá. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà, láàárọ̀ Saturday kan tí mo fẹ́ lọ sọ́jà Ìkọ̀lé, ó ń gé ilá nídìí ààrò, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi ra epo bọ̀."

"Mo gbọ́," ni mo wí, mo sì ti gbé ẹsẹ̀ kan síta.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò gbóhùn sókè.

"Ẹ ò tíì gbọ́," ló ní. "Ẹ béèrè."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ọbẹ̀ ń hó, ìyàwó mi ò yíjú sí i, ó ń dúró dè mí.

"Epo wo?" ni mo wí.