Ọ́ìlì Tí A Kọ́kọ́ Dà sí Bọ́ọ̀sì Àǹtí

Ìka ọwọ́ mi ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá mi palẹ̀ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Òmù-Àrán, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, mo sì ki ìka bọ ihò síléńdà, níbi tí písítìnnì ti ń lọ sókè sódò. Ó ń yọ̀ bí inú àwo tánganran. Ọ̀gá mẹkáníìkì rí mi.

"Ṣé o rí i bó ṣe ń dán? Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn."

"Ọ̀gá, bó bá dán tó báyìí, kí ló máa di ọ́ìlì mú lára ògiri ẹ̀?"

"Ẹ wá gbọ́ o," ó wí fún àwọn tó jókòó, "tíṣà wa ti dé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín búlúù. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé e lọ, bàbá mi kò sì ní ọkọ̀ mìíràn títí ó fi kú. Èmi ní tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohunkóhun tó bá ti mẹ́nu ba ọ́ìlì: ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì, ìwé ọkọ̀, orí fóònù títí bátìrì á fi kú. Ohun tí mo kọ́ kò le. Ara síléńdà tuntun gbọ́dọ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ara wọn, bí ojú ọlọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òkúta ṣá kó lè lọ ata. Ríǹgì tó yí písítìnnì ká á máa ha ara rẹ̀ mọ́ àwọn ìlà yẹn títí àwọn méjèèjì á fi bára mu. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìkan ni àǹfààní yìí wà. Bí ìlà bá ti dán mọ́lẹ̀ kí ríǹgì tó jókòó, ó parí. Ọ́ìlì á máa gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì gòkè, ọkọ̀ á sì máa mu ún bí ẹni ń mu ògì.

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí wọ́n bá tún ẹ́ńjìnnì tò tán, wọ́n á tan án láàárọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi kó máa dún jẹ́ẹ́jẹ́ lójú kan títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n ní ó ń mọ ara rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ra ìrẹsì ẹlẹ́ran fún gbogbo ọgbà, wọ́n á jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun, èrò ọ̀nà á máa kí i kú oríire. Ìjókòó yẹn gan-an ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí kò ru ẹrù kò ní agbára tí yóò fi ti ríǹgì mọ́ ògiri; ó kàn ń yọ̀ lórí ọ́ìlì ni. Wọ́n á tún wá ọ́ìlì tó ki jù lọ dà sí i, wọ́n á fi agolo oògùn kan lé e kí èéfín má baà jáde. Bí ọ́ìlì bá sì dúdú lẹ́yìn ìlò, wọ́n á ní ayédèrú ni, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí tí ọ́ìlì gidi ń fọ̀ kúrò ló ń sọ ọ́ di dúdú. Ta ló kọ́ wọn? Ọ̀gá wọn. Ta ló kọ́ ọ̀gá wọn? Ẹnikẹ́ni kò bi í.

Lọ́dún tó kọjá, ó kan àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló ní, ó fi ń kó iṣu àti gàrí láti Ìjàrà-Ìsin wá sí Òmù-Àrán, nígbà mìíràn dé Ganmo. Ó ti sọ fún wa pé bí ẹ́ńjìnnì náà bá tún rú èéfín lẹ́yìn àtúnṣe yìí, òun á pa iṣẹ́ tì, òun á lọ bá ọmọ òun gbé l'Ékòó. Ìjókòó inú ilé ọmọ jẹ́ ohun tí Àǹtí kórìíra ju ebi lọ.

Mo ti yọjú wo inú síléńdà rẹ̀ kí wọ́n tó dé e, àwọn ìlà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọgbà, ẹ́ńjìnnì ti ń dún lábẹ́ igi, ìrẹsì ti délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ti Èkó wálé fún ìnáwó ẹbí, gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì olówó ńlá kan dání.

"Àǹtí, ẹ ní kí wọ́n pa á," mo wí.

"Pa kí ni?" ọ̀gá mẹkáníìkì dáhùn. Abẹ́ ọ̀gá tó tún ọkọ̀ bàbá mi ṣe ló ti kọ́ṣẹ́. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara ẹ̀."

"Àti àárọ̀? Àjèjì ló jẹ́ sí ara ẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi fóònù tún ọkọ̀ ṣe, a kí yín o."

Ẹ̀gbọ́n mi dá sí i. "Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ro ti inú ẹ̀ dànù, kí ẹ da èyí sí i. Síńtẹ́tíìkì ni. Òun ni mò ń lò sí jíìpù mi."

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì tó àsìkò ẹ̀. Ó yọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ríǹgì kọ́kọ́ jókòó ná."

"O kọ ẹ̀bùn mi?"

"N kò kọ̀ ọ́, sà."

"Láti Èkó wá, orí itan ìyàwó mi ló wà."

Nínú ẹbí wa, ohun tí ará Èkó bá gbé wálé, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó, kó lè rí i kó sì gba àdúrà. Ǹ bá ti ṣubú lórí ọ̀rọ̀ yìí bí kì í bá ṣe Àǹtí. Ó gba kẹ́ẹ̀gì náà, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ. Èyí dára ju ohun tí à ń fi ọwọ́ ọlọ́ràá gbá mú lọ. Yàrá mi ló máa kọ́kọ́ sùn." Ó wá yíjú sí mi. "Bó bá bàjẹ́, orí rẹ ni iṣu mi á máa gbà dé Òmù-Àrán o."

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ro ọ́ìlì kíki yẹn kúrò, mo pààrọ̀ fílítà, mo da ọ́ìlì lásán sí i, èyí tí kì í ṣe síńtẹ́tíìkì, tí wọ́n kọ 15W-40 sára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe fàyè gbà. A kó iṣu díẹ̀ sẹ́yìn, a kọrí sí Ìjàrà. Bí a bá ń gun òkè, mo tẹ iná mọ́ ọn. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mo ń yí i padà bẹ́ẹ̀, n kò jẹ́ kó dúró lórí eré kan ṣoṣo. Àǹtí ń ka tẹsíbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wo ojú ọ̀nà rárá.

A padà sí ọgbà, mo ro ọ́ìlì náà sínú abọ́ nígbà tó ṣì gbóná, kí n lè da irú rẹ̀ mìíràn sí i. Ẹ̀rún irin ń tàn nínú rẹ̀ bí àtíkè.

"Ọ́ìlì tuntun lo ń dà nù yẹn?" ẹ̀gbọ́n mi wí.

Kí n tó dáhùn, ọ̀gá ti gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo dé. "Ẹ má dà á nù. Ó ṣì mọ́. Ọlọ́kadà kan ń bọ̀ wá pààrọ̀ ọ́ìlì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ara mi gbóná. Irin lúlọ̀ ló fẹ́ dà sínú ẹ́ńjìnnì ẹni tó fi ọ̀kadà bọ́ ìdílé, á sì gba owó ọ́ìlì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bu yanrìn ọwọ́ méjì, mo dà á sínú abọ́ náà níwájú rẹ̀.

"Kí bọ́ọ̀sì yìí má dé ibí mọ́," ó wí.

"Kò ní dé."

Ẹ̀gbọ́n mi padà sí Èkó láì dágbére fún mi, kò sì tíì gbé ìpè mi títí di òní. Ó ní mo fi òun ṣẹ̀sín lójú ará ilé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní mo tẹrí ba fún un lọ́jọ́ náà, Àǹtí ni ìyà rẹ̀ ì bá jẹ. Láìpẹ́ yìí mo gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá. Ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn ń dún lábẹ́ igi, abọ́ ìrẹsì wà nílẹ̀, àwọn ènìyàn ń kí olóhun kú oríire. Inú bí mi débi pé mo ní láti dúró kí n tó lè rìn lọ.

Àǹtí kò tíì lọ sí Èkó. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níwájú ilé rẹ̀, mo tú àwọn púlọ́ọ̀gì, mo sì de aago tí wọ́n fi ń wọn bí síléńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó mọ́ ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Àǹtí sì ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí ríǹgì bá jókòó dáadáa, afẹ́fẹ́ kò ní rí ibi sá gbà, nọ́ńbà orí aago á sì ga. Ìwé ọkọ̀ sọ pé ẹ́ńjìnnì tuntun láti ilé-iṣẹ́ á fi 178 hàn. Síléńdà àkọ́kọ́ wá sí 176. Èkejì, 178. Ẹ̀kẹta, 175. Ẹ̀kẹrin, 177.