Ẹmu Inú Búta

Láti àárọ̀ ọjọ́ tí ara ọmọ àbúrò mi obìnrin kọ́kọ́ gbóná ni mo ti fura. Ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń wúkọ́. Nígbà tí nǹkan pupa wẹ́wẹ́ sú sí i lẹ́yìn etí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Beyerunka, mo ń ka ohun tí àwọn olùwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ nípa èèyi lórí fóònù mi: bó ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ ran èèyàn, bó ṣe lè wà nínú yàrá lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde, bí ààbò tí ìkókó gbà lára ìyá rẹ̀ ṣe ń tètè tán ju bí a ṣe rò lọ. Mo kà á, mo mi orí bí ẹni tó wà nípàdé àwọn ọ̀mọ̀wé. Èmi tí mo ti fi gómìnà, pásítọ̀ àti àáfà ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn, n kò rí ẹnu sọ̀rọ̀ nínú ilé bàbá mi.

Àbúrò mi ló bẹ̀ mí. Ògì ló ń tà lọ́nà Ọjà'ba, àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ sì ni oníbàárà rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́, ta ló máa ra ògì lọ́wọ́ mi mọ́?"

"Ṣé ọmọ yìí gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé?"

"Ó gba ti àkọ́kọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi èkejì ṣe fún ọmọ tí ara ẹ̀ le?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ó ti wọlé.

Ìyálé màmá wa, Alhaja, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni abẹ gé nínú ilé wa, kò fẹ́ àlàyé rárá. Ẹmu ló fẹ́. Láti ayé àwọn ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹmu pa ara ọmọ tó ní èèyi, kí ó lè tètè sú jáde tán. Ilé Mùsùlùmí ni ilé wa, ẹmu kì í wọ ibẹ̀, àfi bí èèyi bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Nígbà náà, ẹmu á di oògùn, kò sì ní sí ẹni tó máa pè é lórúkọ.

"Lọ bá mi ra omi funfun yẹn wá ní Kúdẹ̀tí."

"Alhaja, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú. Nǹkan yẹn ò lè ṣe é lóore kankan."

"Nígbà tí èèyi mú ìwọ náà ńkọ́? Kí la fi pa á lára ẹ? Ìwé?"

Mo lọ. Alhaja fi búta àlùwàlá lé mi lọ́wọ́ kí aráyé má bàa mọ ohun tí mo gbé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọgbọ́n yìí.

Ìrun Alásárì ti fẹ́ẹ̀ tó nígbà tí mo padà dé. Omi ẹ̀rọ kò yọ lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà sì jókòó níwájú mọ́sálásí àdúgbò wa, wọ́n ń retí ẹni tó máa pọnmi wá. Lèmọ́mù rí mi.

"Ẹ wo ọmọ wa tó kàwé! Omi àlùwàlá ló gbé bọ̀ fún wa yìí. Ọlọ́hun á bù kún ìmọ̀ ẹ."

Kí n tó yà sí kọ̀rọ̀, ó ti gba búta lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bísímílà," ó dà á sọ́wọ́. Ó hó.

"Àbí ọṣẹ wà nínú búta yìí ni?"

Bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí na imú sí i. "Lèmọ́mù, n ò ní purọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́hun. Mo mọ nǹkan yìí kí n tó ronú pìwà dà. Ẹmu ni. Ti àárọ̀ yìí sì ni."

"Ẹmu kẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá ní yunifásítì nìyẹn," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú bíi pé kì í ṣe tirẹ̀.

"Èmi ni mo fẹ́ mu ún," mo wí. N kò mu ẹmu rí láyé mi.

Ìyàwó ilé kejì ń kọjá lọ, ó pọn ọmọ oṣù méje. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá yìí ń purọ́! Gbogbo ọ̀sán lónìí, yàrá àbúrò wọn ni ọmọ mi ti sùn. Mi ò gbóòórùn ẹmu kankan nínú ilé wọn."

Ìkókó ẹ̀yìn rẹ̀ ń wò mí, ó ń lá ìka. Ohun tí mo kà lórí fóònù kò wá jọ ìmọ̀ mọ́.

"Èèyi ni," mo wí. "Èèyi wà nínú yàrá yẹn. Ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ilé ìtọ́jú kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ariwo sọ. Àbúrò mi yọjú láti ojú fèrèsé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ilé ìtọ́jú, nọ́ọ̀sì ní bí èèyi bá ti wà nítòsí, àwọn lè fún ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́fà ní abẹ́rẹ́, bí wọ́n bá tètè gbé e dé. Wọ́n fún ìkókó náà ní tirẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ọmọ tiwa náà. Àwọn ìyá àdúgbò bú àbúrò mi ní gbogbo ọ̀nà, láti ilé dé ilé ìtọ́jú. Ara ọmọ wa padà bọ̀ sípò. Èèyi kò ran ìkókó yẹn, ojú rẹ̀ kò pọ́n rárá.

Ní Jímọ̀, Lèmọ́mù dárúkọ mi nínú wàásù, ó ní ojú kò tì mí láti sọ òtítọ́. Àwọn èèyàn yíjú wò mí. Mo ń wo ẹní tí mo jókòó lé.

Nígbà tí mo délé, àbúrò mi ti ti Ọjà'ba dé. Ògì ṣì kún inú báàfù rẹ̀ bó ṣe gbé e jáde láàárọ̀.

"Bọ̀dá, mo gbọ́ pé wọ́n yìn yín."

Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà.

"Ká ní Lèmọ́mù ò gba búta lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ máa sọ ọ́?"

Mo ní kó bu ògì fún mi. Ó bu ún, kò wo ojú mi, ó sì padà wọlé.