Ààwẹ̀ Sìgá Ọkọ Mi

Òórùn méjì ló wà nínú yàrá wa ní Lotto nígbà yẹn: òórùn egbò àti òórùn sìgá. Ti egbò kì í rí mi lára tó ti sìgá, nítorí egbò kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí n máa sọ pé "wọ́n" tí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ mi, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Ẹ má bínú, "ó" ni màá lò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì tán nínú mi.

Iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe. Lórí ìlóṣòó ni onítáìlì ti ń jẹun, nítorí náà, nígbà tí mọ́tò gbá ọ̀kadà tó gùn ní Ibafo, tí egungun ojúgun rẹ̀ kán sí méjì, mo mọ̀ pé oúnjẹ wa ló ń lọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ifo ló bá wa rí ọsibítù níbẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sí i lẹ́sẹ̀. Dókítà wá sọ fún un lójú mi pé egungun ẹni tó ń mu sìgá kì í tètè so pọ̀, pé ìgbà mìíràn kì í so pọ̀ rárá. Páálí kan ni ọkọ mi ń mu lójúmọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó jáwọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, mo fi ikọ́ àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́. Owó ló gbọ́.

Àwọn kan ló ń dán an wò ní ọsibítù náà bóyá owó lè mú kí ẹni tó fara pa, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, jáwọ́ nínú sìgá. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa: "Ní gbogbo Wednesday, ẹ máa wá fẹ́ atẹ́gùn ẹnu yín sínú mẹ́ṣíìnì kékeré yìí. Tí kò bá rí èéfín, a máa fún yín lówó, owó yẹn á sì máa lé sí i díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mu ún, ẹ ò ní gba kọ́bọ̀, ẹ máa padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Mo wo ọkọ mi. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, tí wọ́n ń sanwó fún kó má baà ba ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Ojú tì mí fún un. Ojú kò ti òun.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò mu ún lóòótọ́. Ó ń làágùn, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò mu ún. Mo fi owó náà ra ẹyin àti ẹja fún un, inú mi dùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo wọ balùwẹ̀ tí gbogbo ará ilé jọ ń lò, mo bá ìdí sìgá mẹ́rin lójú ihò tí omi ń gbà jáde. Nígbà tí mo bi í, ó ti jẹ orógbó sẹ́nu. Èéfín àti orógbó pa pọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo.

"Fọkàn balẹ̀ jàre," ló wí. "Mẹ́ṣíìnì yẹn ò lè rí ohun tó ti ju ọjọ́ kan lọ. Tí mo bá ti gbààwẹ̀ láti àárọ̀ Tuesday, kò ní rí nǹkan kan lẹ́nu mi."

Ààwẹ̀ ló pè é. Èmi tí mò ń kírun, tí mò ń gbààwẹ̀ lóòótọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Tuesday, á fi igi tó fi ń rìn tilẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, á mu méjì léra wọn, á ní sààrì òun nìyẹn. Ní Wednesday, tó bá ti fẹ́ mẹ́ṣíìnì tán, tí wọ́n ti sanwó, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọlọ́sàn tó wà níwájú géètì ọsibítù, á ṣáná sí sìgá. "Mo ṣínu," ni yóò wí. Ó tiẹ̀ máa ń ṣe bisimilláhì.

Èmi ńkọ́? Mo máa ń dúró tì í níbẹ̀, owó á wà nínú báàgì mi. Ẹnu tó jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo. Èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá dirun ní ṣọ́ọ̀bù mi nígbà yẹn, owó ààwẹ̀ yẹn ló ń gbé ìkòkò wa kaná.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, wọ́n ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà. Dókítà gbé e sójú iná. Ibi tó kán ṣì là sílẹ̀ gbayawu. Ó yẹ fáìlì wò, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì.

"Gbogbo ọ̀sẹ̀ yín ló mọ́," ló wí. "Kì í ṣe sìgá nìyẹn. Ó ní láti jẹ́ pé kòkòrò ti wọ ìdí irin yẹn. A máa tún un ṣí, a máa bu egungun níbàdí yín fi dí i. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín, a lè gé ẹsẹ̀ náà."

Ó wá kọjú sí mi. "Madam, ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé. Ẹ ò rí sìgá lọ́wọ́ wọn?"

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

"Rárá, sà," ni mo wí. "Wọn ò mu ún. Wàláhì."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó mú ọjọ́ tí wọn yóò tún ṣe iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí a jáde síta, ọkọ mi fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "O ṣeun, ìyàwó mi." Mo ti da ìgbẹ́ rẹ̀ nù nígbà tí kò lè dìde, kò dúpẹ́. Mo ti fọ egbò rẹ̀, kò dúpẹ́. Ó wá ń dúpẹ́ pé mo gbà kí wọ́n tún fi ọ̀bẹ la òun. Mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó kó mi nírìíra, ṣùgbọ́n ara mi ló kó mi nírìíra jù.

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, irọ́ ni mo pa. Wọ́n ń mu ún. Ó kù díẹ̀ ká wá síbí ni wọ́n máa ń dáwọ́ dúró."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, sà."

Ó tún fáìlì náà ṣí. Mo rò pé ọkọ mi ló máa bú, mo sì ti múra láti bá a bú u.

"Owó tí à ń fún wọn," ló wí, "ta ni wọ́n ń kó o fún?"

"Èmi ni, sà," ni mo wí. "Gbogbo ẹ̀ la ti jẹ."