Pèrègún Tí Títì Wa Yà Fún

Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí atẹ́gùn sì fẹ́ wá láti ọ̀nà Ìgándò, òórùn ààtàn a máa bá wa dé Ìdímù, á dàpọ̀ mọ́ òórùn búrẹ́dì gbígbóná láti ilé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ títì wa. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ọ̀jọ̀gbọ́n wá. Yàrá kan náà la gbé ní yunifásítì, ìtàn la jọ kà, nóòtì tèmi ló sì máa ń dà kọ. Èmi di tíṣà nílé ẹ̀kọ́ girama n'Íkòtún. Òun di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn tó ń ṣèwádìí nípa ìlú ńláńlá, bí wọ́n ṣe ń la títì, bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ìlara rẹ̀ ń pa mí. Tí mo bá ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, níbi tó ti ń bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀, kíá ni mo máa ń pa fóònù náà.

Ìwé ló ń kọ lórí Alímọ̀ṣọ́. Ó ní kí èmi ọmọ onílẹ̀ mú òun rìn ká. A rìn títí, ẹrọ̀fọ̀ ba bàtà rẹ̀ jẹ́, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tá a dé ibi tí títì wa, tó ti ń bọ̀ tààrà, ti yà bírí, ó dúró, ó yọ bírò.

"Kí ló dé tó yà níbí?"

Mo mọ̀ ọ́n ṣá. Mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí katakata tó ń la títì dé. Pèrègún ààlà ló wà níbẹ̀, èyí tí bàbá bàbá mi àti ìdílé tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà jọ gbìn nígbà tí wọ́n parí ìjà ilẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá hú pèrègún ààlà ti tún ìjà dá sílẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi di igi náà mú, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, títì yín lè yà. Ìjà tẹ́ ẹ bá dá sílẹ̀ ò ní yà." Wọn ò kúrò níbẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, tí ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ fi tún okùn rẹ̀ ta gba ẹ̀gbẹ́ igi náà.

Ogún ọdún ni mo ti ní nóòtì kan nílé tí mo fẹ́ kọ ìtàn yẹn sí. Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀. Bí mo ṣe rí bírò ọ̀rẹ́ mi, mo rò ó nínú ara mi: ṣé kó tún wá gba èyí náà ni? Mo bá ní, "Awakọ̀ katakata ló mutí yó, jàre." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ìwé jáde, ọmọbìnrin mi gbé e wálé láti yunifásítì. "Dádì, orúkọ yín wà níbí!" Ó túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sétí ìyá mi pé ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé, tíṣà tó kọ́kọ́ kọ́ òǹkọ̀wé náà bí a ti ń ka ìtàn, ló ṣàlàyé fún un pé awakọ̀ ọ̀mùtí ló jẹ́ kí títì náà wọ́. Ẹ̀wà ni màmá ń ṣà lọ́wọ́. Ọwọ́ wọn dúró, wọ́n kọjú sí mi.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

Wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà wọn. Mi ò lè jókòó síbẹ̀ mọ́.

Mo pe ọ̀jọ̀gbọ́n, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ó wá ní, "Ìwé ti jáde, mi ò lè pè é padà. Kọ tìẹ." Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo ti wà ní ojú ìwé kejì báyìí, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń ṣọ́ ìtàn bàbá mi kí ẹlòmíì má bàa gbà á. Kò sẹ́ni tó gbà á. Ohun tí katakata ò lè hú lójú bàbá mi, èmi ọmọ wọn ni mo hú u.